Òpó Tí Jàmíù Rì Nítorí Ìràwọ̀

Bí ẹ bá gba títì tó jáde láti Ọ̀fà lọ sí Ìjàgbò, tí ẹ sì ń wo géètì àwọn èèyàn bí ẹ ti ń lọ, ẹ ó rí i pé ó pọ̀ nínú wọn tí wọ́n kọ JÀMÍÙ WẸ́DÀ sí nísàlẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù. Àbúrò mi ni. Ìyá kan náà ló bí wa, ọdún mẹ́rin ni èmi Sherifat fi ṣáájú rẹ̀, mo sì pọ̀n ọ́n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń wọ́lẹ̀. Kò sí iṣẹ́ tí Jàmíù ṣe rí tí kò kọ orúkọ rẹ̀ sí, ìbáà ṣe ilẹ̀kùn ilé ńlá, ìbáà ṣe àgò adìyẹ. Mo bá a sọ ọ́ títí pé kì í ṣe gbogbo nǹkan lèèyàn ń kọ orúkọ sí. Ó ní ẹni tí kò bá lè kọ orúkọ sí iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà ló ń tì í lójú.

Iṣẹ́ wẹ́dà ń jẹ ojú. Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn wẹ́dà fúnra wọn ló ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Dígí dúdú á wà lórí wọn, wọn ò ní fà á sójú nítorí ibi kékeré kan tí wọ́n fẹ́ fi iná kàn. Tó bá wá di alẹ́, ojú Jàmíù á máa ta á bí ẹni tí wọ́n da iyanrìn sí lójú. Kò ní lè wo gílóòbù, kò ní lè wo tẹlifíṣọ̀n, kò tilẹ̀ ní lè wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Inú òkùnkùn nìkan lara ti máa ń tù ú. Bó ṣe di ẹni tó ń gbé bẹ́ǹṣì lọ sẹ́yìnkùlé nìyẹn, tó ń jókòó, tó ń gbé orí sókè. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé, ìyàwó rẹ̀ ló ń jókòó tì í. Nígbà tí ìyẹn kú, tí ọkọ tèmi náà kú, tí mo padà sílé bàbá wa, ó di èmi.

Ẹ má rò pé à ń sọ̀rọ̀ o. Ìjàgbò ni mo ti ń dé, níbi tí mo ti ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé kan. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti máa ń wà lórí ìdúró, ọ̀kadà á tún wá gbọ̀n mí jìgìjìgì délé. Ẹsẹ̀ mi á ti wú, ìbàdí mi á fẹ́ já. Ó rẹ èmi, ó rẹ òun. A ó kàn jókòó síbẹ̀ bí àpò gààrí méjì. Ibẹ̀ ni Jàmíù ti mọ ìràwọ̀, láìsí ẹni tó kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Àǹtí mi, ìràwọ̀ kan wà lọ́hùn-ún yẹn tí kì í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró sójú kan. Lọ́dún tó kọjá, apá ibí ló wà.”

Mo ní bóyá àgùàlà ni. Ó ní àgùàlà kọ́, àgùàlà kì í jìnnà sí ibi tí oòrùn bá wà. Ìyá wa máa ń sọ nígbà ayé rẹ̀ pé àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Jàmíù ní ó pẹ́ tóun ti mọ̀ pé kì í ṣe ajá ẹnì kankan. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Òun kò gbàgbé. Ìràwọ̀ tó ń rìn yẹn ti wọ̀ ọ́ lára, ó sì fẹ́ rí i nítòsí.

Ní Ìlọrin ló ti kọ́kọ́ rí awò tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run, èyí tí wọ́n ń pè ní tẹlisíkóòpù. Páálí rẹ̀ dán, wọ́n ya ayé mẹ́fà méje sára rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po ẹgbẹ̀ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò ní owó lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó dé Ọ̀fà, ó pe Mádáàmù Ìyìnolúwa, obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ pólì ní físíìsì, tí Jàmíù bá ṣe irin ojú fèrèsé. Obìnrin náà yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn tó ti ọjà dé. Mo wà níbẹ̀, oúnjẹ ni mo gbé lọ.

“Ọ̀gá Jàmíù, ẹ má wo nọ́ńbà ara páálí o,” obìnrin náà sọ. “Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà nìyẹn. Ẹnu awò ni kẹ́ ẹ wò. Tẹ́ ẹ bá gbé abọ́ síta nígbà tí òjò ń rọ̀, èyí tẹ́nu ẹ̀ fẹ̀ ló máa gbomi jù, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà ń rọ̀ ni. Ẹ wo ẹnu, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wo ẹsẹ̀. Awò tó bá ń gbọ̀n, ẹ ò lè fi wo nǹkan kan.”

Jàmíù bi í bóyá òun lè fi dígí dúdú wẹ́dà bo ojú awò náà kóun fi wo oòrùn. Obìnrin náà gbé àpò ọjà rẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ ò gbọ́dọ̀ kọ ojú ẹ̀ sí oòrùn láé. Dígí wẹ́dà ò lè gbà yín. Ojú yín á ti lọ kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ó ń lọ.”

Ẹnì kan tí òun àti Mádáàmù jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ kó lọ sí òkè òkun, ó sì fẹ́ ta awò tiẹ̀. Àlòkù ni, kò ní páálí, kò ní àwòrán. Ọ̀pá roboto funfun kan ni, ó gùn tó apá èèyàn, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ìkòkò ọbẹ̀ ẹni méjì, jígí roboto kan sì wà nísàlẹ̀ inú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Jàmíù dúró títí àjọ fi kàn án ní oṣù kọkànlá, ó sì lọ gbé e. Mo bínú. Òrùlé yàrá mi ń jò láti ọdún méjì, mo sì sọ ọ́ sí i létí. Ó ní òun á tún òrùlé ṣe. Ó sì tún un ṣe lóòótọ́, ní ọjọ́ kejì, kó lè ráyè ti awò rẹ̀.

Òṣùpá ló kọ́kọ́ fi hàn mí. Mo fi ojú kan síbẹ̀, mo rí ilẹ̀ funfun kan tó kún fún ihò, bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná ti bá jà rí. Kí n tó mí, ó ti sá lọ. Jàmíù ní kò sá lọ, ayé ló ń yí, pé kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ní n kò fọwọ́ kan án. Aṣọ mi ló kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni, alumíńọ́mù tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, bíi ti ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, á gbọ̀n. Bí Jàmíù bá fọwọ́ yí ibi tó ń yí kí nǹkan lè hàn kedere, á gbọ̀n títí èèyàn á fi ka ogún kó tó dúró. Ó tún ń dojú nǹkan dé, tó fi jẹ́ pé ibi tó yẹ kó jẹ́ òkè òṣùpá, ìsàlẹ̀ ló wà. Mo ní ṣé nítorí èyí ló ṣe jẹ́ kí òrùlé mi jò fún ọdún méjì. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń wò, ó sì ń mi orí bí wẹ́dà tó rí iṣẹ́ wẹ́dà mìíràn.

Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé, ojú ọ̀run sì dà bí ẹni tó fi èlùbọ́ rẹ́ ojú. Ọ̀sán ni Jàmíù wá ń lò. Awò kékeré kan wà lórí awò ńlá náà, tí wọ́n fi ń wá nǹkan kí wọ́n tó wọ inú ti ńlá. Orí ọ̀pá gíga tí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù rì sí òdìkejì ló fi wọ̀n ọ́n, ó ń yí bóòtù kékeré títí àwọn méjèèjì fi ń wo ojú kan náà. Nígbà tó ṣe ìyẹn tán, ó ní òun máa rì òpó.

Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa tóbi. Nígbà ayé bàbá wa, ọ̀dùnkún ló ń gbìn síbẹ̀. Ìyàwó méjì ló ní, ìyá Alhaji Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n wa, ni ìyálé, ìyá tiwa ni ìyàwó. Kó tó kú, ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ pín ilẹ̀ náà, wọn ò gbọ́dọ̀ tà á. A ò pín in. Ọmọ ìyálé ò fi igi kan síbẹ̀, ọmọ ìyàwó náà ò fi igi kan síbẹ̀. Aṣọ la kàn ń sá síbẹ̀, ewúrẹ́ sì ń jẹ̀. Ojú ọ̀run ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sí igi, kò sí ilé alájà tó dí i. Ohun tí Jàmíù rí nìyẹn. Ojú ọ̀run ló ń wò nígbà tó ń gbẹ́ ilẹ̀.

Ó gbẹ́ ihò tó mù ún dé ìbàdí. Ó ki páìpù irin nínípọn bọ̀ ọ́, ó fi rọ́ọ̀dù há a, ó po kọnkéré tó le, ó sì rọ ọ́ títí ó fi yọ sókè dé àyà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, ó dára, mi ò ní purọ́. Kí sìmẹ́ǹtì tó gbẹ, ó mú ìṣó, ó kọ JÀMÍÙ WẸ́DÀ sí i lára, ó kọ nọ́ńbà fóònù sí abẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára ni, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mádáàmù ti sọ fún un pé irin tí awò náà fi ń yí gbọ́dọ̀ kọjú sí àríwá kó lè máa tẹ̀lé ìràwọ̀ bó ṣe ń lọ, torí náà ó fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí orí òpó náà, kó má bàa máa wá àríwá kiri lójoojúmọ́. Èmi náà rí i. Èmi tí mo gbọ́n nínú wa, mo rí orúkọ, mo rí ọ̀dà pupa, kò wá sí mi lọ́kàn pé báyìí gan-an ni òpó ààlà àwọn awọnlẹ̀ ṣe máa ń rí.

Nígbà tí òpó náà gbẹ, ó gbé awò lé e. Alẹ́ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ fúyẹ́ díẹ̀ ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ìṣá tán. Mo ti dùbúlẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú fèrèsé.

“Àǹtí mi, ẹ wá wò ó. Kò gbọ̀n mọ́. Ìràwọ̀ yẹn ni. Ó rí roboto, ilà wà lára ẹ̀, àwọn kékeré mẹ́rin tò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Àǹtí mi, mẹ́rin.”

Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, mi ò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara mi kò fẹ́ dìde. Mo ní, “Jàmíù, ó rẹ̀ mí. Ó di ọ̀la.” Lọ́jọ́ kejì, kùrukùru ọyẹ́ bo gbogbo ìlú, a ò rí ìràwọ̀ kankan mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹnì kan pe fóònù Jàmíù. Ẹni náà bi í bóyá òun ló ni òpó tó wà lẹ́yìn ilé wa. Jàmíù ní òun ni, ó sì bi ẹni náà bóyá ó fẹ́ kóun ṣe irú rẹ̀ fún un. Ẹni náà gé fóònù. A fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí a ń jẹun.

Ọjọ́ Sunday ni Alhaji Jímọ̀ ránṣẹ́ pè wá. Òun ni àgbà ilé, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìtọ̀ ṣúgà sì ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún jà débi pé báńdéèjì kì í kúrò níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ náà lé àpótí. Àbúrò rẹ̀, Táíyé, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọn ò fi omi lọ̀ wá.

“Jàmíù,” Alhaji sọ, “ta ló pín ilẹ̀ fún ẹ?”

“Kò sẹ́ni tó pín ilẹ̀ fún mi, Alhaji.”

“Orúkọ ẹ ló wà lórí òpó yẹn, àbí orúkọ mi ni?”

“Orúkọ mi ni. Gbogbo iṣẹ́ mi ni mo máa ń kọ ọ́ sí, ẹ̀yin náà mọ̀. Géètì yín gan-an, ó wà níbẹ̀.”

“Ọ̀dà pupa ńkọ́?” Táíyé ló sọ̀rọ̀. “Ta ni ò mọ̀ pé awọnlẹ̀ ló ń fi ọ̀dà pupa sàmì?”

Jàmíù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó sọ ti awò, ó sọ ti ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó sọ ti àríwá. Bó ṣe ń ṣàlàyé ló túbọ̀ ń jọ irọ́. Àgbà ọkùnrin tó gbẹ́ ilẹ̀ dé ìbàdí nítorí kó lè wo ìràwọ̀! Ká ní kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n, èmi náà ì bá má gbà á gbọ́. Alhaji tẹ́tí sí i títí ó fi parí, ó wá ní, “Ìràwọ̀,” ó sì wo Táíyé. Ó ní kí ó tó di ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, kí Jàmíù wó òpó náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ò mọ̀ ọ́n lọ́mọ bàbá òun mọ́, ọ̀rọ̀ náà á sì dé ààfin.

“Alhaji, ẹ dákun,” Jàmíù sọ. “Ẹ jẹ́ kó di òjò àkọ́rọ̀. Òjò á fọ ojú ọ̀run. Màá gbé awò náà lé e, gbogbo ilé á wá wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí i fúnra yín. Tẹ́ ẹ bá rí i tán tẹ́ ẹ bá ṣì ní kí n wó o, màá wó o.”

Alhaji ní ọjọ́ Jímọ̀ lòun wí.

Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ẹni tó bá ń jà lójú agbo, wọ́n á gbé e ṣánlẹ̀, ó tán. Èyí tí wọ́n ń jà nínú ilé ni kì í tán. Ìyàwó Táíyé kó aṣọ tó sá kúrò lórí okùn wa. Àwọn ọmọ tó ń sáré wá kí mi tí mo bá ti Ìjàgbò dé ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Mo kí Alhaji láàárọ̀, kò dáhùn, èmi tí mo bá a tọ́jú ìyá rẹ̀ títí ìyẹn fi kú. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni, àmọ́ ó dùn mí dé egungun. Ní Ọjọ́bọ̀, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá Jàmíù níbi tó jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì, tó ń wo òpó rẹ̀. Ó ní Mádáàmù Ìyìnolúwa ti ní òun máa wá bá Alhaji sọ̀rọ̀, kí èmi náà wá bá òun Jàmíù bẹ Alhaji kó dúró di òjò àkọ́rọ̀, torí ó máa ń gbọ́ tèmi.

Òótọ́ ni. Alhaji máa ń gbọ́ tèmi. Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà, mo sì mọ̀ ọ́n báyìí.

“Jàmíù, wó o,” mo sọ fún un.

“Àǹtí mi, ẹ̀yin náà?”

“Èmi náà. Ó ti rẹ̀ mí. Mi ò ní agbára àti máa yan ara ẹni lódì nínú ilé tí mò ń sùn sí. Kí ló wà lára òpó? Wó o, ká rójú, ká ráyè.”

Ó wo òpó náà. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ó dáa.” Ọmọ tí mo pọ̀n ni. Kò já ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, láti ìgbà tó kírun àsùbáà tán ló ti gbé òòlù ńlá. Ó wó o títí oòrùn fi mú, torí pé ó ti ṣe é dáadáa jù, rọ́ọ̀dù kò fẹ́ fi kọnkéré sílẹ̀. Alhaji fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró, ó ń wò. Nígbà tí páìpù jáde, ó ní, “Ọlọ́run á san án fún ẹ, Jàmíù.” Jàmíù ní àmín. Ó kó ilẹ̀ dí ihò náà, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó wẹ̀, ó lọ sí mọ́sálásí. Ní ọ̀sán yẹn, ìyàwó Táíyé gbé mọ́ínmọ́ín wá fún mi. Mo jẹ ẹ́, ó dùn, inú mi sì dùn. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

A gba ààwẹ̀, a túnu, a ṣọdún. Lẹ́yìn ọdún ni òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ Tuesday, pẹ̀lú atẹ́gùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìràwọ̀ Jàmíù wà níbẹ̀, ó tóbi, kò fi ara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Jàmíù wò ó látorí bẹ́ǹṣì, kò sì wọlé lọ gbé awò.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ ńlá kan dé sí ẹ̀yìnkùlé wa, ó sì ń já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ bùbá funfun ń júwe ibi tí wọ́n máa tò ó sí. Ara mi ò yá lọ́jọ́ náà, mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo jáde lọ bá a, mo kí i, mo bi í ẹni tó ń wá.

“Mi ò wá ẹnì kankan, Mama. Ilẹ̀ tí mo rà ni.” Ó ń rẹ́rìn-ín, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Wọ́n tiẹ̀ ti yọ òpó yẹn. Ẹ mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kí n má rà á? Mo wá wò ó nígbà ọyẹ́, mo rí òpó tí wọ́n kọ orúkọ wẹ́dà kan sí. Mo pe nọ́ńbà ẹ̀, ó ní òun ló ni ín. Mo sọ fún Alhaji pé mi ò ra ilẹ̀ tẹ́ni méjì ń jà sí, kí wọ́n dá owó mi padà. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan táwọn máa yọ ọ́.”

Mi ò rántí bí mo ṣe dé yàrá Alhaji. Mo rántí pé mi ò kí i. Mo ní, “Alhaji, ilẹ̀ Bàbá lẹ tà?” Kò bínú. Ó tú báńdéèjì ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ní kí n wò ó. Ọmọ ìka méjì ti lọ, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà dúdú, ó ń rùn. Ó ní, “Sherifat, gígé ni wọ́n fẹ́ gé e. Àwọn ọmọ mi ò gbé fóònù mi mọ́. Kí ni kí n ṣe?” Inú bí mi sí i, àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò sì mọ èyí tí mo lè gbé jù sílẹ̀ nínú méjèèjì. Mo bá a di báńdéèjì náà padà, mo jáde.

Nígbà tí Jàmíù dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Òpó rẹ̀ ló ń ṣọ́ ilẹ̀ náà fún wa, láìmọ̀. Tó bá jẹ́ pé a jẹ́ kó di òjò àkọ́rọ̀, ọkùnrin yẹn ì bá ti gba owó rẹ̀, ì bá sì ti lọ. Èmi ni mo ní kó wó o. Mo sọ ìyẹn náà síta, torí mo fẹ́ kó bú mi. Ì bá bú mi ni, ì bá sàn. Ó kàn ní, “Àǹtí mi, ẹ wọlé, ẹ lọ sinmi. Ẹsẹ̀ yín ti wú.”

Nígbà tí ilé náà dé òkè fèrèsé, ọkùnrin yẹn pe nọ́ńbà kan náà, ó ní kí Jàmíù wá bá òun ṣe géètì. Mo ní kó má ṣe é. Ó ní iṣẹ́ ni. Ó ṣe é, ó dára, ilẹ̀kùn méjì tó fẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dúró. Kò kọ nǹkan kan síbẹ̀.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ti ń wo ìràwọ̀ báyìí, lẹ́bàá títì. Ó jó páìpù òpó àtijọ́ yẹn mọ́ irin pẹlẹbẹ kan, ó sì gbé awò lé e. Ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ kì í ṣe kọnkéré. Bí tírélà bá ń kọjá, gbogbo rẹ̀ á gbọ̀n. Ó kó irin wúwo lé e kó lè dúró, àwọn tó ń ṣa irin kóńdẹ̀mù jí i lọ. Ó kó òmíràn lé e, wọ́n tún kó o. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ lọ fún un, mo rí i tó ń wò, tó ń dúró kí ìgbọ̀n náà rọlẹ̀, tó ń wò, tó tún ń dúró. Èmi èèyàn kì í ṣe kékeré. Mo gbé abọ́ sílẹ̀, mo jókòó sórí irin pẹlẹbẹ náà, mo ki ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀.

Tírélà kan kọjá. Jàmíù kò gbé ojú kúrò.

“Ó dúró,” ó sọ. “Mẹ́ta ló wà níta lónìí. Ìkẹrin ti lọ sẹ́yìn ẹ̀.”

Láti ìgbà náà, bí ojú ọ̀run bá ti mọ́, mo máa ń yà síbẹ̀ tí mo bá ti Ìjàgbò dé, mo máa ń jókòó. Irin náà tutù, ìbàdí mi kì í gbà á. Gbogbo ìgbà ni Jàmíù ń ní kí n dìde, kí òun bá mi jókòó síbẹ̀, kí èmi náà wá wò ó, pé oṣù díẹ̀ sí i, ìràwọ̀ náà á bá oòrùn wọ̀, a ò ní rí i mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé ó di ọ̀la. Ó rò pé ó rẹ̀ mí ni. Ó rẹ̀ mí lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe nítorí ìyẹn. Mo ti gba òpó kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí, mi ò fẹ́ dìde.